Ibi Tí Wíwọn Ìfúnpá Ẹ̀jẹ̀ Ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹni tí wọ́n bá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yóò gbọ́ nọ́ńbà méjì, bíi 120 lórí 80, nọ́ọ̀sì yóò sì kọ wọ́n pọ̀ sínú káàdì bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ dé. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.

Stephen Hales, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1733, ó ṣàlàyé bí òun ṣe de abo ẹṣin mọ́lẹ̀, tí òun ki páìpù idẹ bọ iṣan itan rẹ̀, tí òun sì so ọ̀pá dígí gígùn mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ náà gòkè nínú dígí ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Ní 1828, Poiseuille, dókítà kan ní ilẹ̀ Faransé, fi mẹ́kúrì, irin tó máa ń ṣàn bí omi, sínú ọ̀pá tirẹ̀. Nítorí pé mẹ́kúrì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá àti díẹ̀, ọ̀pá kúkúrú ti tó. Síbẹ̀, ó di dandan kí wọ́n gé iṣan, ta ni yóò sì gbà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn lójoojúmọ́?

Scipione Riva-Rocci, dókítà ará Ítálì, ló mú abẹ kúrò nínú rẹ̀ ní ìlú Turin, ní 1896. Ó wé rọ́bà bíi túùbù kẹ̀kẹ́ mọ́ apá aláìsàn, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí iṣan ọrùn ọwọ́ kò fi lù mọ́ lábẹ́ ìka rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí mẹ́kúrì wà nínú ọ̀pá tó so mọ́ rọ́bà náà nígbà tí iṣan tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù ni nọ́ńbà òkè. Ìka kò lè sọ ti ìsàlẹ̀.

Nikolai Korotkoff, oníṣẹ́ abẹ ará Rọ́ṣíà tó ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí iṣan wọn fara gbọgbẹ́, ló yanjú èyí ní St. Petersburg ní 1905, nínú ìjábọ̀ tí kò kún ojú ewé kan. Ó gbé ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ lílù ọkàn lé ibi tí ìgúnpá ti ń ká. Bí rọ́bà bá fún apá pa, kò sí ìró kankan. Bí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, ìró á bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà òkè. Ibi tí ìró náà bá ti pòórá ni ti ìsàlẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí ló ga jù, nítorí kò ṣe ẹ̀rọ tuntun kankan: rọ́bà ti wà, ẹ̀rọ etí náà sì ti wà láti 1816.

Májèlé tó wà nínú mẹ́kúrì ti mú kí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kó o dànù báyìí, ṣùgbọ́n mìlímítà mẹ́kúrì náà ni àwọn ẹ̀rọ oníbátìrì ṣì fi ń ka iye.