Nígbà Tí Amẹ́ríkà Fi Ogun Lé Àgbẹ̀ Lọ́wọ́

Ogun òmìnira tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà parí, ní oṣù kẹfà 1784 Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, sì ní kí àwọn ṣọ́jà máa lọ sílé. Ọgọ́rin péré ló ṣẹ́ kù: 25 ní Fort Pitt, 55 ní West Point, kí wọ́n máa ṣọ́ ohun ìjà. Àṣé ẹ̀rù àwọn ṣọ́jà ló ń bà wọ́n. Ṣọ́jà ọba Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn pa èèyàn márùn-ún ní Boston lọ́dún 1770, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Mìlíṣíà ni wọ́n wá gbójú lé. Láti 1636 ni Massachusetts ti ń to àwọn ọkùnrin rẹ̀ sí ẹgbẹ́ ogun. Àgbẹ̀ ni, alágbẹ̀dẹ ni. Wọ́n á kọ́ṣẹ́ ogun lọ́jọ́ tí wọ́n dá, wọ́n á tún padà sídìí iṣẹ́ wọn. Irú wọn ló kojú Gẹ̀ẹ́sì ní Lexington àti Concord ní 1775. George Washington tó darí ogun náà kò fọkàn tán wọn: òní ni wọ́n dé, ọ̀la ni wọ́n ti ń wọ́nà ilé.

Ìwé òfin Amẹ́ríkà ti 1787 pín àṣẹ lórí wọn sí méjì. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lè pè wọ́n láti paná ọ̀tẹ̀ tàbí lé ọ̀tá, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ni yóò yan ọ̀gá fún wọn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 1791, àwọn jagunjagun Miami àti Shawnee, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀, pa èèyàn tó lé ní 600 nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ọ̀gágun Arthur St. Clair kó lọ, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní ilẹ̀ tó di Ohio lónìí. Ìyẹn ló mú kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin lórí mìlíṣíà.

Òfin oṣù karùn-ún 1792 ní kí gbogbo aláwọ̀ funfun ọkùnrin tára rẹ̀ dá, láti ọmọ ọdún 18 sí 45, forúkọ sílẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, kó ra ìbọn, bàyónẹ́ẹ̀tì (ọ̀bẹ ẹnu ìbọn), òkúta ìṣáná méjì fún ìbọn náà, àpò ẹ̀yìn, àti àpò tó gba ọta 24. Àpò ara rẹ̀ ni yóò ti ná an! Èmi ò rò pé ìfẹ́ òmìnira nìkan ló wà ńbẹ̀. Ìjọba náà ò lówó. Òfin ọ̀hún ò tiẹ̀ sọ ìyà ẹni tó bá kọ̀. Lọ́jọ́ pàréèdì, àwọn kan ń gbé igi ìgbálẹ̀ tàbí pòròpórò àgbàdo léjìká. Ní gúúsù ẹ̀wẹ̀, inú mìlíṣíà yìí ni wọ́n ti ń yan àwọn tó ń ṣọ́ ẹrú lóru.

Ó ṣiṣẹ́ ní 1794, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Pennsylvania kọ̀ láti san owó orí ọtí wisikí. Bíi 13,000 mìlíṣíà ló jáde, àwọn ọlọ́tẹ̀ sì tú ká kí wọ́n tó dé.

Ogun 1812, tí Amẹ́ríkà tún bá Gẹ̀ẹ́sì jà, ló tú àṣírí. Gómìnà Massachusetts àti ti Connecticut kọ̀ láti fọmọ ogun sílẹ̀ fún Ààrẹ. Ní Queenston, ọ̀pọ̀ mìlíṣíà New York dúró sí etí odò Niagara, wọ́n ń wo ẹgbẹ́ wọn tó ń kú lódìkejì, ní ilẹ̀ Kánádà. Wọ́n ní òfin ò ní káwọn jà ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní Bladensburg, nítòsí Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹjọ 1814, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, Gẹ̀ẹ́sì sì dáná sun ilé Ààrẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé e, mìlíṣíà wà lára àwọn tó dáàbò bo Baltimore.

1903 ni wọ́n tó fagi lé òfin 1792. Òfin tó rọ́pò rẹ̀ ló sọ mìlíṣíà àwọn ìpínlẹ̀ di National Guard: ìjọba àpapọ̀ ń ra ìbọn fún wọn, gómìnà ń pàṣẹ fún wọn, àfi tí Ààrẹ bá pè wọ́n.