Kọ́bọ̀ Kan Ló Bí Ilẹ̀kùn Ilé Ìgbẹ́ Ìta

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ rí ní gáráàjì ńlá á mọ ìyá tó máa ń jókòó síwájú ilé ìgbẹ́. Tábìlì pákó kékeré wà níwájú rẹ̀, tíṣù tó ti já sí wẹ́wẹ́ wà lórí tábìlì, korobá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó máa bi yín, lóhùn òkè, lójú gbogbo èrò tó ń dúró de ọkọ̀, ni pé: “Ìtọ̀ ni àbí ìgbẹ́?” Owó wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ló fi gbọ́dọ̀ bèèrè. Ẹ fẹ́ wọ ibi ìkọ̀kọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kéde ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí mi, mo purọ́ pé ìtọ̀ ni. Ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá pẹ́ o, ẹ máa san ìyókù.”

Ìyá yẹn ni mo máa ń rántí nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ń sọ pé ìtìjú ló bí ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ ìta. Wọ́n ní bí ọ̀làjú ṣe ń pọ̀ sí i lojú ń ti èèyàn sí i, títí wọ́n fi wá ń fi ògiri pín ẹnìkan kúrò lára ẹnìkejì. Èmi ò gbà. Ìtìjú ti wà láyé tipẹ́ kí ilẹ̀kùn tó dé. Owó ló bí ilẹ̀kùn yẹn, mo sì lè ka iye owó náà fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Kí ṣáláńgá tó dé, ibo làwọn baba wa ń lọ? Èdè wa ò gbàgbé. “Yàgbẹ́” là ń pè é, tí ẹ bá sì tú u, nǹkan tí èmi ń rí níbẹ̀ ni pé èèyàn yà sí igbẹ́: ó ń lọ lójú ọ̀nà, ó yà. Àwọn kan á ní rárá, pé ìgbẹ́ tó ń jáde lára ni, pé àmì ohùn àwọn méjèèjì ò bára mu. Ẹ dá wọn lóhùn pé ibi tí wọ́n ń gbé e sí ló fún un lórúkọ. “Ìgbọ̀nsẹ̀” ńkọ́? Gbígbọn ẹsẹ̀ ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ti inú koríko bọ̀ láàárọ̀ kùtù, tí ìrì ti rin ín dé orúnkún, gbọ́dọ̀ gbọn ẹsẹ̀ kó tó wọlé, ìyẹn làwọn àgbà wá fi bo ọ̀rọ̀ náà láṣìírí. Ṣáláńgá ní tirẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá la ti yá a.

Ilẹ̀kùn ò sí ní igbẹ́. Kò sì sí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ṣáláńgá tí mo mọ̀ ní kékeré: páànù mẹ́ta tó ti dípẹtà, àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ta síwájú, ó parí. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í já lu ẹnikẹ́ni. Ikọ́ ni. Ẹni tó ń bọ̀ á húkọ́, ẹni tó wà nínú á húkọ́ padà, ẹni tó ń bọ̀ á sì yí ẹ̀yìn padà, á lọ máa wo iṣu lórí ebè bíi pé tìtorí iṣu ló ṣe wá. Ìyá ìyá mi máa ń mọ ẹni tó wà níbẹ̀ látinú ikọ́ nìkan, kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Wọn ò ní kí ara wọn lójú ọ̀nà yẹn pàápàá. Àwa tá à ń kí ẹni tó jókòó, tá à ń kí ẹni tó dúró, tá à ń kí ẹni tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun bọ̀, mi ò tíì gbọ́ “ẹ kú ìgbẹ́” rí.

Àwọn ará Róòmù náà ò ní ilẹ̀kùn. Ní Ostia, ìlú èbúté wọn àtijọ́, ilé ìgbẹ́ kan ṣì wà tí àwọn èèyàn ń lọ wò dòní: ìjókòó mábù gígùn tó fara ti ògiri, bí ogún ihò lórí rẹ̀, kò sí nǹkan kan láàárín ihò kan sí èkejì. Omi ń ṣàn lábẹ́, omi mìíràn ń ṣàn níwájú ẹsẹ̀ nínú gọ́tà tóóró, níbi tí wọ́n ti ń fọ kànìnkànìn tí wọ́n so mọ́ orí igi. Ṣé ojú kì í tì wọ́n ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Aṣọ ńlá tí wọ́n ń wọ̀ ni ilẹ̀kùn wọn. Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó wọ agbádá, kó lóṣòó, kó wá wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á rí nǹkan kan. Àwọn yìí kan náà ni ọba wọn Vespasian gbé owó orí ka ìtọ̀ tí wọ́n ń kó jọ ní ìlú. Titus ọmọ rẹ̀ ní ìwà ẹ̀tẹ́ ni. Bàbá na ẹyọ owó sí i nímú, ó bi í bóyá ó ń rùn. Suetonius òpìtàn ló kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìlú Paris wá ń kọ́ ilé ìtọ̀ ọkùnrin sójú títì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ Vespasian yẹn náà ni wọ́n fi ń pè é.

Ilẹ̀kùn gan-an wá dé lọ́dún 1851, ní Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé kan nínú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní Crystal Palace, láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá, àwọn tó wá sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. George Jennings, oníṣẹ́ páìpù ọmọ Hampshire, ló kọ́ ilé ìgbẹ́ olómi síbẹ̀. Olúkúlùkù, yàrá tirẹ̀. Olúkúlùkù, ilẹ̀kùn tirẹ̀. Pẹ́nì kan lówó ìwọlé, 827,280 èèyàn ló sì san án. Ní ayé ìgbà yẹn, 240 pẹ́nì ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan, ẹ ṣírò ó: pọ́n-ùn 3,447, látara ìgbẹ́ àti ìtọ̀ nìkan!

Pẹ́nì yẹn, àwa mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun là ń pè ní kọ́bọ̀, látara orúkọ bàbà lédè Gẹ̀ẹ́sì, kó tó di pé Nàìjíríà pààrọ̀ owó lọ́dún 1973 tó wá fi orúkọ náà fún tiwa. Títí dòní, àgbà Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ dìde lọ tọ̀ lè sọ pé òun ń lọ ná pẹ́nì kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyí. Àwọn tó sanwó yẹn ò ju bí 14 nínú 100 lọ. Àwọn ọkùnrin tó ń tọ̀ ní ìdúró nínú ìpàtẹ kan náà ò san kọ́bọ̀ kankan, wọn ò sì rí ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ ìtìjú ni, kí ló dé tí ìtìjú fi mọ ibi tí owó wà? Ẹ wò ó bí oníṣòwò ṣe máa ń wò ó. Lórí ìjókòó gígùn bíi ti Ostia, ta ló san, ta ni ò san? Ẹ ò lè mọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ pín wọn sọ́tọ̀, kí ẹ fi ilẹ̀kùn dí ẹnu ibẹ̀, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ń tú Crystal Palace kó lọ sí Sydenham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, àwọn alákòóso fẹ́ pa ilé ìgbẹ́ náà tì, Jennings ló bá wọn fà á títí wọ́n fi fi í sílẹ̀. Lọ́dún 1852 wọ́n ṣí méjì sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, ti ọkùnrin ní Fleet Street, ti obìnrin ní Bedford Street. Kọ́bọ̀ méjì ni wọ́n ń gbà. Kò pẹ́ tó fi kógbá wọlé, kò sì yà mí lẹ́nu: ta ló ní kí wọ́n sọ ọ́ di méjì?

Amẹ́ríkà tẹ̀ lé wọn. Lọ́dún 1910 wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ onówó sí ilé ìgbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Terre Haute ní Indiana, nítorí pé àwọn tí kò wọkọ̀ ló ń kún ibẹ̀. Obìnrin ni ìyà náà pọ̀ lórí jù, torí wọn ò lè dúró tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 1969, March Fong Eu, aṣòfin ní California, gbé àwo ìgbẹ́ lọ síwájú ilé aṣòfin, ó fi òòlù fọ́ ọ túútúú. Àwọn ọ̀dọ́ kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e láti gbógun ti kọ́kọ́rọ́ náà, Chicago fòfin dè é lọ́dún 1973, kò sì pẹ́ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán káàkiri.

Ìyókù kò ṣòro sọ. Ilé iṣẹ́ TOTO ní Japan ṣe ẹ̀rọ kan lọ́dún 1988 tó ń dún bí omi, kí obìnrin má bàa máa da omi ṣòfò láti bo ohùn ara rẹ̀. Tí kì í bá ṣe ikọ́ wa ló rán an níṣẹ́, mi ò mọ ẹni tó rán an. Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ilé ìgbẹ́ tirẹ̀ lọ́dún 2015. Ní Èkó tí agbépòó ti máa ń fi òru ru korobá nígbà kan rí, Isaac Durojaiye, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀túnbá Gaddafi, gbé ilé ìgbẹ́ alágbèéká wá, ó sì fi àwọn ọmọọ̀ta jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn láti máa gbowó. Ẹ rí i pé owó náà ṣì wà níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà ni kò yé àlejò. Ó gé lókè, ó gé nísàlẹ̀, àlàfo tí ìka ń wọ̀ wà létí rẹ̀. Wọ́n ní nítorí gbígbá ilẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní kí ọlọ́pàá lè máa rí ẹni tó ń mu oògùn olóró, ìyẹn ò sì tó ohun tá a ń jà lé lórí. Lójú tèmi, ẹni tí kò sanwó, ta ló máa ra pákó tó kún fún un? Mo wà nínú ọ̀kan ní pápákọ̀ òfuurufú kan níbẹ̀, mo rí bàtà ẹnìkan tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ mi. Mo húkọ́. Bàtà ò dúró. Mo tún húkọ́, èyí tó le. Bàtà dúró síwájú ilẹ̀kùn, ohùn ọkùnrin kan sì gba àlàfo wọlé, ó ń bi mí bóyá ara mi yá, àbí kóun lọ pe dókítà.