Ta Ló Ni Àsìkò? Kámẹ́rà Kan, Oríṣiríṣi Òde

Àwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ kọ́ṣẹ́ kámẹ́rà n'Ífẹ̀ sábà máa ń béèrè pé ṣé eré ni ọmọ náà yóò máa yà, àbí òde ìyàwó, àbí ọdún ìbílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni, kámẹ́rà kan náà ló sì máa fi ṣe é. Ohun tó ń yàtọ̀ ni ẹni tó ni àsìkò. Nínú eré, olùdarí ló ni ín: bí òṣèré bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, a óò tún un yà. Lóde ìdána, alága ló ni ín. Lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́ ńkọ́? Ọọ̀ni ò ní padà sínú ààfin torí pé bátìrì ẹnì kan kú. Ẹni tó bá ti mọ èyí kó tó kúrò nílé ni yóò mọ ohun tí yóò dì sínú báàgì.

Ẹ jẹ́ ká fi eré ṣáájú. Ìran tí ẹ óò wò fún ìṣẹ́jú 2 lè gbà wá ní wákàtí 6, oòrùn ò sì ní dúró dè wá. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 9 àárọ̀, òjìji wà lápá kan. Nígbà tó bá fi máa di aago 3, ó ti bọ́ sí apá kejì. Bí wọ́n bá wá to àwòrán pọ̀, ìyá á béèrè ọ̀rọ̀ láàárọ̀, ọmọ á dá a lóhùn nírọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ ya àwòrán tó gbé gbogbo àgbàlá, tí ojú nìkan fi ń gbẹ̀yìn. Kò sí bí a ṣe fẹ́ tan iná sí odindi àgbàlá lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kan? Ẹ ta aṣọ ibùsùn funfun sáàárín òun àti oòrùn, ẹ gbé iná kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, aago 4 ìrọ̀lẹ́ á di aago 9 àárọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí iná jìnnà. Iná kékeré tó wà ní mítà 1 sí ojú, tí ẹ bá sún un sẹ́yìn dé mítà 2, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló kù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń náwó ra iná ńlá nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ìṣísẹ̀ méjì péré ló yẹ kí wọ́n fi sún mọ́ ọn.

Iná mànàmáná tún ní tiẹ̀. Tiwa ní Nàìjíríà ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ̀lú ṣọ́tà 1/50 ló bá a mu, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá ni ojú kámẹ́rà fi ń ṣí fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi sí 1/60 lábẹ́ àwọn gílóòbù kan, á rí ìlà dúdú tó ń rìn lójú àwòrán. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló wá burú jù: bí fíríìjì ilé bá ti gbéra, ẹ̀rọ á fà, ìlà náà á sì jáde bí ẹ tilẹ̀ wà ní 1/50. Iná oníbátìrì ni kẹ́ ẹ gbé wá.

Ọlọ́jọ́ kò ní "ẹ tún un ṣe". Lọ́jọ́ ọdún yìí ni Ọọ̀ni ń dé adé Àrè, tí wọ́n sì ń ti ààfin kọrí sí Òkèmògún láàárín èrò. Ẹ rìn ọ̀nà náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní wákàtí kan náà, kẹ́ ẹ wo ibi tí oòrùn dúró sí. Ọ̀sán wa kì í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí gan-an ló ń bà lé. Gbogbo ẹni tó bá wé gèlè tàbí tó dé fìlà, ibòji ni ojú rẹ̀ máa wà. Ẹ ò lè di pátákó funfun mú láàárín èrò, nítorí náà ẹ wá ibi tí ògiri funfun tàbí ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ á ti bá yín tan ìmọ́lẹ̀ sókè sí wọn lójú.

Ẹ má sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Kámẹ́rà tó ń dá ṣe ìpinnu fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bí eérú: bó bá rí agbádá funfun, á fa ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn, ojú alágbádá á di èédú. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn agbádá ni kẹ́ ẹ máa wò. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì hàn, ó dára. Bó bá ti pòórá sínú funfun, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè mú un padà, bẹ́ẹ̀ ojú tó ṣú díẹ̀ ṣeé gbé sókè.

Àṣìṣe kan tún wà tí mo máa ń rí lára àwọn ọmọ iṣẹ́ dáadáa. Ní ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/4 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó), ṣọ́tà 1/50, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán tó nǹkan bí ìlọ́po 32 èyí tí a nílò. Wọ́n á wá gbé ṣọ́tà lọ sí 1/1600 kí àwòrán má bàa funfun jù. Ìmọ́lẹ̀ á balẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ onílù: kò ní fì mọ́, fífò ni á máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn, bí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Gíláàsì dúdú tí wọ́n ń pè ní ND, ti 32, tó ń jẹ́ kí ìdá kan nínú 32 ìmọ́lẹ̀ wọlé, tí ẹ bá dé mọ́ iwájú lẹ́ńsì, ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ dúró ní 1/50.

Káàdì ńkọ́? Bí kámẹ́rà bá ń kọ 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan (bíìtì 8 ló ń di báìtì kan), gígábáìtì 45 ló ń jẹ ní wákàtí kan. Káàdì gígábáìtì 64 ò ní pé wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí rẹ̀ títí ẹ óò fi dà á sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ibì kan sì wà lọ́jọ́ ọdún tí kámẹ́rà ò gbọ́dọ̀ dé. Ààfin ni kẹ́ ẹ ti béèrè, ẹ má fojú díwọ̀n.

Ti ìdána ò le tó bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá lè tètè bá alága sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún alága ìjókòó pé apá ibi tí ẹ wà ni kí ìyàwó kọjú sí nígbà tó bá fẹ́ dé ọkọ ní fìlà. Bí ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kí kámẹ́rà ti wà nílẹ̀ ṣáájú wọn, nítorí ẹni tó bá dúró ya ìdọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn agbádá ló máa rí gbà. Aṣọ òkè onílà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń jà lójú àwòrán, ìlà rẹ̀ á máa rìn bí ìjàlọ. Ẹ sún mọ́ ọn tàbí kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, á dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ gbogbo òde yìí, níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Túndé Kèlání, tí a mọ̀ sí olùdarí eré lónìí, kámẹ́rà ló kọ́kọ́ gbé ní WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1959; ó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ya ìròyìn, ó sì ya fíìmù fún àwọn ẹlòmíràn kó tó máa darí tirẹ̀. Ìròyìn ló máa ń kọ́ ènìyàn ní ìyára. Ṣùgbọ́n ní tèmi, pálọ̀ bàbá àgbà kan n'Iléṣà ni kí ọmọ iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan, fèrèsé kan. Kí ó gbé àga bàbá kúrò lára ògiri tó mítà kan ààbọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti ẹ̀yìn. Kí ó fi lẹ́ńsì mìlímítà 50 wò ó, kí kámẹ́rà sì bá ojú bàbá dọ́gba. Bí a bá yà á láti òkè, ńṣe ló ń sọ àgbà di ọmọdé. Kí ó pa fáànù, kó tọrọ ààyè kó tó pa fíríìjì ilé, torí ariwo rẹ̀ kì í hàn sí etí àfi ìgbà tí a bá délé. Lẹ́yìn náà kó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sínú fíríìjì náà. Kò ní lè lọ sílé láìṣí i, ìgbà yẹn ló máa rántí tàn án padà kí ẹja ìyàwó bàbá tó bàjẹ́.