Ta ló kọ́kọ́ kànkùn? Ọmọ Texas ni iṣẹ́ promotora

Ẹni tó bá ń gbé Houston á ti rí wọn, àwọn obìnrin tó ń sọ Sípáníìṣì, tí wọ́n máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tàbí ibi táwọn èèyàn ti ń fọṣọ, fáìlì lọ́wọ́, tí wọ́n á máa bi àwọn ìyá pé ọmọ yín ti pé ọdún mélòó, ṣé ẹ ti fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Head Start (ètò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún ọmọ ìdílé tí ò lówó tí ò tíì tó ilé ìwé)? Promotora ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ló ń mú ìdílé Latino, ìyẹn àwọn tó tan mọ́ Latin America, dé ibi ètò tó wà fún ọmọ tí ò tíì tó ilé ìwé: jẹ́lé-ó-sinmi ọ̀fẹ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àyẹ̀wò ọmọ tí ò tètè sọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá bi àwọn ọ̀mọ̀wé bí iṣẹ́ promotora ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní Paulo Freire ni, ará Brazil tó kọ́ àwọn àgbàlagbà níwèé ní Angicos lọ́dún 1963. Àwọn míì á ní ìpàdé Alma-Ata ti 1978 ni, èyí tí wọ́n ṣe lórí ìtọ́jú ìlera tó máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Ó dáa, mo gbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé là ń sọ, irú iṣẹ́ yìí sì ti wà ní Texas ní 1957, bí mo ṣe máa sọ níwájú, ṣé àbúrò lè bí ẹ̀gbọ́n ni?

Tèmi tiẹ̀ ni pé ó pẹ́ ju 1957 lọ dáadáa. Ẹ wo àwọn partera, àwọn ìyá agbẹ̀bí etí odò Rio Grande, àwọn ni wọ́n ń wọlé tọ aboyún nígbà tí ọsibítù jìnnà, èmi ò rò pé wọ́n á gbẹ̀bí tán kí wọ́n má yà wò bóyá ọmọ ti ń rìn. Àṣà cuarentena náà tún wà níbẹ̀, ogójì ọjọ́ tí ìyá ọmọ fi máa ń sinmi, tí wọ́n á máa se omi ọbẹ̀ adìẹ fún un, àwọn obìnrin ẹbí àti comadre, ìyẹn ìyá ìsàmì ọmọ, á máa bá a tọ́jú ilé. Ilé tó ti mọ́ lára pé obìnrin míì á wọlé wá nítorí ọmọ, ṣé ó máa lé promotora? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ẹ̀ wà.

Ká wá padà sí 1957 tí mo wí. Nígbà yẹn ní Texas, ọmọ tí ò gbọ́ Òyìnbó á kàn máa rìpíìtì kíláàsì kìíní ni. Félix Tijerina, tó ní ilé oúnjẹ Mẹ́síkò níbí ní Houston, tó jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ilé oúnjẹ lòun fúnra ẹ̀ ti kọ́ Òyìnbó, ló wà nípò ààrẹ LULAC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Latino ní Amẹ́ríkà. Ó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní 400 ọ̀rọ̀ Òyìnbó kí wọ́n tó wọ ilé ìwé. Ta ló gba iṣẹ́ náà? Isabel Verver, ọmọ ọdún 17 péré, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ganado! Ọmọ tó kọ́kọ́ wá ò tó nǹkan, lòun àti Tijerina bá gbé mọ́tò, wọ́n ń wá àwọn òbí kiri, wọ́n tún polongo lórí rédíò. Iṣẹ́ promotora gan-an nìyẹn o, orúkọ nìkan ni ò tíì ní. Ní 1959 ìjọba Texas gbé e sínú òfin. Àwọn LULAC ní ibẹ̀ ni Head Start ti 1965 ti rí àwòkọ́ṣe, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

1973 ni Gloria Rodriguez bẹ̀rẹ̀ AVANCE, ètò tó ń kọ́ àwọn òbí bí wọ́n ṣe lè tọ́ ọmọ kékeré, ní San Antonio, nínú ilé ìjọba tó ń jẹ́ Mirasol, ó ń kànkùn láti ilé dé ilé. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ìyá tó bá gba ẹ̀kọ́ náà tán lè di òṣìṣẹ́ wọn, kóun náà máa lọ kànkùn ẹlòmíì.

Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n. HIPPY, ètò láti Israel tó ń kọ́ òbí bó ṣe máa kọ́ ọmọ ẹ̀ nílé, wọ Amẹ́ríkà ní 1984, Texas ṣòfin lórí promotora ní 1999, wọ́n wá ń fún wọn ní sáfítíkéètì, lẹ́yìn náà lòfin public charge ti 2019, tó lè mú kí wọ́n má fún àjèjì tó bá ń gba ìrànwọ́ ìjọba níwèé ìgbé ayé, kó jìnnìjìnnì bá àwọn èèyàn, wọ́n ń sá fún ètò tí òfin ò tiẹ̀ kà mọ́ ọn, Head Start náà wà lára ẹ̀, àwọn promotora ló ń ṣàlàyé títí wọ́n fi fagi lé e ní 2021.

Àwọn ará California á ní Los Angeles ló ni ín nítorí Abriendo Puertas, ètò ẹ̀kọ́ fáwọn òbí Latino. 2007 ni wọ́n dá ìyẹn sílẹ̀ jàre.