Pé ìwádìí ti jáde kò túmọ̀ sí pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀

Ìgbàgbọ́ kan ti wọ àwa tó ń ṣe ìwádìí lára: bí iṣẹ́ bá ti jáde nínú jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn sí, ẹni tó nílò rẹ̀ á wá a rí. Àwọn tó ń yẹ àpáta wò ń gbé tiwọn sínú jọ́nà tiwọn, àwọn tó ń yẹ ẹ̀dá alààyè wò ń ṣe bákan náà, kálukú sì gbà pé òun ti ṣe ojúṣe òun. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ikú àwọn dáínásọ̀ ló la ojú mi.

Nítòsí ìlú Gubbio ní Ítálì, Walter Alvarez, onímọ̀ jiọ́lọ́jì, rí ìpele amọ̀ kan láàárín òkúta ẹfun. Kò nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, òkúta kún fún karawun àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun. Lókè rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti pòórá. Walter fẹ́ mọ iye ọdún tí amọ̀ náà fi balẹ̀ síbẹ̀. Ó gé díẹ̀ lára òkúta náà, ó sì gbé e fún bàbá rẹ̀, Luis Alvarez, onímọ̀ físíìsì. Bàbá ní kí wọ́n wọn írídíọ́mù inú rẹ̀, nítorí irin yìí ṣọ̀wọ́n lójú ilẹ̀ ṣùgbọ́n ó wà nínú eruku tó ń rọ̀ láti òfurufú. Bí eruku náà bá ń rọ̀ déédéé, iye rẹ̀ á sọ iye ọdún. Frank Asaro àti Helen Michel, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì, ló wọ̀n ọ́n. Ohun tí wọ́n rí tó ìlọ́po 30 iye tí wọ́n ń retí. Eruku lásán kò lè kó bẹ́ẹ̀ jọ. Ní 1980, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ ọ́ jáde pé àpáta ńlá kan já láti òfurufú, ó kọlu ayé, òun ló sì pa àwọn dáínásọ̀ run. Mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn là ń wí yìí.

Níbo ló wá já sí? Wọ́n ń wá ihò rẹ̀ káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ti rí i wà. Ní 1978, Glen Penfield ń bá Pemex, ilé iṣẹ́ epo Mẹ́síkò, ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú wọn agbára òòfà lórí òkun létí Yucatán, ó sì rí àmì kan tó tẹ̀ bí ọrun lábẹ́ omi. Ó wá àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ kan tó ń fi agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra hàn, ó bá ọrun kejì níbẹ̀, lórí ilẹ̀. Nígbà tó so méjèèjì pọ̀, wọ́n di òbìrìkìtì kan ṣoṣo, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 180 kìlómítà.

Òun àti Antonio Camargo, tí òun náà wà ní Pemex, kò fi ẹnu mọ́ ọ. Ní 1981, wọ́n sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn tó ń wá epo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pemex kò jẹ́ kí wọ́n tú gbogbo ohun tí wọ́n ní síta. Láàárín àkókò yẹn, àwọn tó ń wá ihò náà kóra jọ sí ìpàdé tiwọn ní Utah! Carlos Byars, oníròyìn ní Houston, tilẹ̀ gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ó di 1990 kí Byars tó sọ fún Alan Hildebrand, tó ń wá ihò náà, pé Penfield ti rí i. Wọ́n wá òkúta tí Pemex ti gbẹ́ láti inú kànga níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì bá àmì ìkọlù náà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, àpáta òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń lò. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ òòfà àti epo, èkejì ń sọ̀rọ̀ írídíọ́mù àti ìparun. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá mọ̀ ló fi ń wá nǹkan. Kódà ọ̀rọ̀ kan náà lè ṣì wá lọ́nà: bí onímọ̀ jiọ́lọ́jì bá ní nǹkan ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún lè wà lọ́kàn rẹ̀, fún ẹni tó ń yẹ kòkòrò àrùn wò, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni.

Àwọn kan á ní ohun tiwa kò lè wúlò fún ẹni tí kò sí ní ẹ̀ka wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1963, John Wells, onímọ̀ nípa ẹ̀dá tó ti di òkúta, ka ìlà ara iyùn inú òkun tó ti di òkúta. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà ńlá sì ń ya ọdún sọ́tọ̀. Lára iyùn tó ti lé ní mílíọ̀nù 370 ọdún, nǹkan bí 400 ìlà ló kà fún ọdún kan. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé omi òkun tí òṣùpá ń fà ń dín eré ayé kù, pé ọjọ́ kúrú láyé ìgbà yẹn. Iyùn jẹ́rìí sí i: ọjọ́ kan kò ju nǹkan bíi wákàtí 22 lọ.

Ìbẹ̀rù pé ẹlòmíràn á jí iṣẹ́ wọn ṣì ń mú àwọn kan dákẹ́, mo sì mọ bó ṣe ń dun èèyàn. Àmọ́ èèyàn lè gbé iṣẹ́ sórí bioRxiv tàbí EarthArXiv, àwọn ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, báyìí kí jọ́nà tó gbà á, ọjọ́ tó gbé e síbẹ̀ á sì wà lára rẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí.

Èyí tó kù, ọwọ́ wa ló wà. Kọ ibi tí o ti mú òkúta tàbí ewé náà, ọjọ́ tí o mú un, ohun tí o fi wọ̀n ọ́n, kí ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rí lè lò ó. Lẹ́yìn náà, mú un tọ ẹnì kan tó wà ní ẹ̀ka mìíràn lọ, kí o sì bi í ní ohun tí kò yé ọ. Ìbéèrè àti èékú òkúta kan ni Walter gbé lọ bá bàbá rẹ̀; kò tíì ní ìdáhùn nígbà náà.