Ẹ sùn mọ́jú ní Tirana o, ọjọ́ Schengen yín ò ní tìtorí ẹ̀ padà sí ení

Ó tún ti ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò kan tó fẹ́ pọn àpò sẹ́yìn kó rin Yúróòpù já, tó ti fi bí ọdún méjì tu owó jọ, fi ètò ìrìn àjò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò ọ̀hún dáa, mo sì sọ fún un. Bọ́ọ̀sì òru ló fẹ́ máa wọ̀ kó má baà sanwó ibùsùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, họ́sítẹ́ẹ̀lì táwọn èèyàn mẹ́jọ mẹ́wàá ti ń sùn nínú yàrá kan ló fẹ́ máa dé sí, ó sì ti to àwọn ìlú tó fẹ́ dé sílẹ̀: Lisbon, Porto, Granada, Kraków, Budapest, kó wá parí ẹ̀ sí Athens. Àfi bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀ ìwé náà tí mo rí ìlà kan tó bà mí nínú jẹ́. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: ọjọ́ 90 pé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ Tirana, mo sùn mọ́jú, mo padà wọ Gíríìsì, ọjọ́ 90 tuntun bẹ̀rẹ̀.

Schengen ni wọ́n ń pe àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n ṣí bọ́dà àárín wọn sílẹ̀ fún ara wọn, ọjọ́ 90 yẹn sì ni òfin wọn gbà kí àlejò lò. Tirana, olú ìlú Albáníà, ò sí nínú wọn, ìyẹn ló ṣe rò pé tóun bá sùn mọ́jú níbẹ̀, kíkà á tún bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kò sí ọjọ́ 90 tuntun kankan níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó gbọ́n, mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti rìn jù mí lọ pàápàá, ó sì ń bí mi nínú torí pé ẹni tówó ẹ̀ ò tó nǹkan ló ń pa lára jù. Olówó á lo ọ̀sẹ̀ méjì, á bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ owó ná ló máa ń rọra rìn, torí ìrìn pẹ̀lẹ́ ló ń dín ìnáwó kù. Tí èèyàn bá pẹ́ níbì kan, wọ́n lè dín owó ibùsùn kù fún un, á máa dáná fúnra ẹ̀, kò ní máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà. Ibi tọ́rọ̀ wá já sí ni pé kówó tó tán lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ló máa kọ́kọ́ tán.

Òfin náà ò sì fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 èyíkéyìí, ní gbogbo orílẹ̀-èdè Schengen lápapọ̀. Orílẹ̀-èdè 29 ni wọ́n báyìí, títí kan Swítsàlandì àti Nọ́wè tí wọn ò sí nínú European Union, agboolé kan náà sì ni gbogbo wọn lójú òfin yìí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lò ní Lisbon, èyí tẹ́ ẹ lò ní Kraków, èyí tẹ́ ẹ lò ní Oslo, inú àpò kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí ló ń gbé wọn ṣubú, "èyíkéyìí".

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọjọ́ 180 yẹn níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì níbi tó parí sí, bíi ti ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, òní ni ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nínú 180, ẹ ó wá máa kà á bọ̀ sẹ́yìn, òní náà wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi ara yín pé nínú gbogbo 180 tí mo kà yìí, mélòó ni mo lò nínú Schengen? Tó bá ti lé ní 90, ẹ ti kọjá ààlà nìyẹn. Tó bá dọ̀la, ẹ ó tún un kà láti ọ̀la bọ̀ sẹ́yìn. Ẹ kàn gbà pé ẹ gé páálí kan tó gùn tó ọjọ́ 180, ẹ gbé e lé orí kàlẹ́ńdà, ẹ wá ń tì í síwájú ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tuntun kan ń wọ abẹ́ ẹ̀ níwájú, ọjọ́ àtijọ́ kan ń jáde lẹ́yìn. Ohun tó wà lábẹ́ páálí yẹn nìkan ni wọ́n ń kà. Bóyá ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan, bóyá ẹ jáde lẹ́ẹ̀mẹwàá, páálí ò mọ̀ ọ́n.

Mo pe àbúrò yẹn, mo ní kó gbé kàlẹ́ńdà, kó mú bíró pupa. Ó fẹ́ wọ Lisbon ní 1 oṣù kẹta. A ń kà á pa pọ̀ lórí fóònù, ó ń fa ìlà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 90 pé ní 29 oṣù karùn-ún. Mo ní ó dáa, o ti wọ Albáníà lọ́jọ́ yẹn, o sùn, o padà dé bọ́dà Gíríìsì ní Kakavia ní 30 oṣù karùn-ún, ka 180 sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ó kà á títí ó fi dé 2 oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú. Gbogbo ìlà pupa tó fà ló wà lábẹ́ ẹ̀, ẹyọ kan ò bọ́. Ọjọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún nìyẹn máa jẹ́. Ó wá bi mí pé ìgbà wo lòun lè padà wọlé? 28 oṣù kẹjọ ni, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni 1 oṣù kẹta máa bọ́ jáde lábẹ́ páálí. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Odindi ọjọ́ 90 níta ló máa gbà á, kì í ṣe òru kan.

Àmọ́ ti Tirana yẹn ò tíì le tó. Èyí tó le, tó ń mú àwọn tó mọ ìṣirò pàápàá, ni ti ẹni tó pín ọjọ́ ẹ̀ sọ́nà méjì. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan wọ Róòmù ní 1 oṣù kìíní, ó lo ọjọ́ mẹ́wàá, ó jáde ní 10 oṣù kìíní. Ó padà wá ní 11 oṣù kẹrin, ó wà níbẹ̀ títí di 29 oṣù kẹfà, ìyẹn ọjọ́ 80. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 90 géérégé. (Ọdún tí oṣù kejì ní ọjọ́ 28 ni mò ń kà.) Ó wá ń ṣírò ní tiẹ̀ pé láti 1 oṣù kìíní, ọjọ́ 180 pé ní 29 oṣù kẹfà, nítorí náà tó bá di 30 oṣù kẹfà ìwé tuntun ti ṣí, òun ṣì ní 90 mìíràn, òun lè wà níbẹ̀ títí di 27 oṣù kẹsàn-án. Lóòótọ́, ní 30 oṣù kẹfà kò sóhun tó ṣe é. Ní 1 oṣù keje, kò sóhun tó ṣe é. Ìyẹn gan-an ló máa jẹ́ kó dá a lójú pé òun gbà á, á sì máa sọ ọ́ fáwọn ẹlòmíì nílé ìdáná họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí ọjọ́ kan ṣe ń wọlé níwájú, ọ̀kan nínú mẹ́wàá ti oṣù kìíní ń bọ́ lẹ́yìn, àpapọ̀ wá dúró digbí sí 90. Ní 9 oṣù keje, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti bọ́ tán. Nígbà tó bá fi máa jí ní 10 oṣù keje, kò sóhun tó máa bọ́ mọ́, torí láti 11 oṣù kìíní títí di 10 oṣù kẹrin kò sí níbẹ̀, àpapọ̀ wá di 91, kò sì rí nǹkan kan tó yí padà, ibùsùn kan náà, ìlú kan náà, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn.

Mo ń fẹ̀ ẹ́ lójú báyìí torí pé irọ́ tí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀ ló máa ń ṣòro pa. Òfin náà fìgbà kan rí yàtọ̀ sí bó ṣe wà yìí. Kó tó di 18 oṣù kẹwàá 2013, oṣù mẹ́ta nínú oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń sọ, láti ọjọ́ téèyàn kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n sì ti ń ka oṣù mẹ́fà yẹn. Ẹni tó rìn nígbà yẹn ò parọ́ tó bá ní ìwé tuntun ń ṣí. Láti ọjọ́ yẹn lọ ni wọ́n ti yí i sí kíka sẹ́yìn. Bákan náà ni ti Kroatíà, àwọn èèyàn máa ń lọ sinmi ọjọ́ wọn ní Split àti Dubrovnik, torí ọjọ́ téèyàn bá lò níbẹ̀ ò sí nínú kíkà, àmọ́ Kroatíà wọ Schengen ní 1 oṣù kìíní 2023, Bùlgáríà àti Románíà sì wọ̀ ọ́ pátápátá ní 1 oṣù kìíní 2025. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ṣì wà káàkiri, kò sẹ́ni tó ń pa á rẹ́. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín lónìí pé kẹ́ ẹ lọ sinmi ọjọ́ ní Zagreb tàbí Sofia, ẹ bi í pé ọdún wo ló débẹ̀ gbẹ̀yìn. Áyálándì àti Kípírọ́sì ṣì wà níta Schengen ní tiwọn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lò níbẹ̀ ò sí nínú kíkà yìí, àmọ́ òfin ìwọlé tiwọn wà lọ́tọ̀.

Òmíràn á ní, ọ̀rẹ́ mi ṣe é, wọn ò sọ nǹkan kan fún un. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, ti ìwọlé igun ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ti ìjáde igun ẹ̀ rí róbótó, àwòrán kékeré tó ń sọ bóyá ọkọ̀ òfuurufú lẹ gbà tàbí ọkọ̀ ilẹ̀ wà lára ẹ̀, ọjọ́ wà láàárín. Òṣìṣẹ́ bọ́dà tí èrò tò síwájú ẹ̀ ló ń ṣí pásípọ́ọ̀tù lójú ewé-ewé, tó ń wá òǹtẹ̀ tó ti ṣá, tó ń fi ọwọ́ kà á. Ó lè fo ọ̀kan. Àmọ́ láti 12 oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà rọ́pò òǹtẹ̀ díẹ̀díẹ̀, EES ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ya fọ́tò ojú yín, wọ́n á kọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ gbà wọlé sílẹ̀, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ń ka iye tó kù. Ẹ̀rọ ò ní ṣi òǹkà torí pé èrò pọ̀.

Ẹ sì rántí pé ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé wà nínú kíkà, ọjọ́ tẹ́ ẹ jáde wà nínú ẹ̀, kódà kó jẹ́ aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ lẹ balẹ̀. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń ka ọjà ọrún ni, tí wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n ná an mọ́ ọn.

Kí n tó parí ìpè yẹn, mo ní kí àbúrò ya fọ́tò físà ẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti burú. Níbi tí wọ́n kọ "Duration of stay" sí, 90 wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ "Number of entries" sí, 01 ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè wọlé. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan bọ́ sí Albáníà, físà yẹn ti parí iṣẹ́ ẹ̀, ì báà ṣẹ́ ku ọgọ́ta ọjọ́ lórí ẹ̀. Gbogbo ìṣirò tá a ń ṣe ò tiẹ̀ kàn án. MULT ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kéèyàn tó lè máa wọlé jáde, ẹni tó sì ní MULT ọlọ́dún márùn-ún pàápàá, ọjọ́ 90 nínú 180 náà ló ní. Ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ "from" àti "until" tàn yín, iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sí duration ni ẹ lè lò. Wọ́n sábà máa ń fi ọjọ́ 15 lé e kẹ́ ẹ lè rí àyè sún ìrìn àjò yín síwájú, kì í ṣe ká lò ó tán. Yúrò 90 ni owó físà yìí láti oṣù kẹfà 2024, ẹni tó san irú owó yẹn yẹ kó ka gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀.

Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó lè pẹ́ jù 90 lọ níbẹ̀ o. Ẹni tó bá ní físà ìgbà pípẹ́ tàbí ìwé ìgbélùú ti orílẹ̀-èdè kan níbẹ̀, ọjọ́ tó bá fi ìyẹn lò ò sí nínú kíkà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní àdéhùn àtijọ́ láàárín ara wọn tó ń fún ọmọ ìlú wọn láyè sí i. Ẹni tí àìsàn ńlá bá dá dúró lè tọrọ àfikún ọjọ́. Nítorí náà ó lè jẹ́ pé ẹni tó sọ fún yín pé òun ṣe é wà nínú àwọn yìí, kó má sì mọ̀ pé nǹkan tó gba òun là nìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fi owó kékeré rìn pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò lásán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tiwọn ṣe ìwọ̀n. Ìyà ẹni tó kọjá ọjọ́ ẹ̀ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí ìkejì, ó lè jẹ́ owó ìtanràn, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n fòfin dè yín, èyí tó lè tó ọdún márùn-ún, tí gbogbo Schengen á sì rí i lórí kọ̀ǹpútà wọn. European Commission ní ẹ̀rọ ìṣirò ọjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi ọjọ́ yín sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ láìlò, torí bọ́ọ̀sì ń pẹ́, òṣìṣẹ́ rélùwéè ń daṣẹ́ sílẹ̀, òfin ò sì ní dúró dè yín.

Àbúrò ti fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ó ti fa igi lé Tirana, ó yọ Budapest kúrò, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun máa jáde ní Athens ní 23 oṣù karùn-ún, ọjọ́ kẹrìnlélọ́gọ́rin.