Ibi tí ohùn mọ́tò àtijọ́ ti ń wá gan-an

Àwọn tó ń gbé mọ́tò àtijọ́ wá bá mi kì í sábà béèrè bó ṣe máa sáré, ohun tí wọ́n ń béèrè ni "ọ̀gá, báwo lẹ ṣe lè jẹ́ kó máa dún bíi ti tẹ́lẹ̀?", ìbéèrè yẹn sì máa ń dùn mọ́ mi torí mo mọ̀ pé ẹni tó béèrè bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn mọ́tò ẹ̀ dénú. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ń nàka sí kọ́ lohùn yẹn ti ń wá. Ìdí mọ́tò ni wọ́n ń wò, wọ́n rò pé sàlẹ́ńsà ló ń dún, pé tí a bá ti gé e kúrò tí a fi pááìpù gbọọrọ kan rọ́pò ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Rárá o. Inú ẹ́ńjìnnì lohùn ti ń bẹ̀rẹ̀, pááìpù àti sàlẹ́ńsà kàn ń tún un ṣe ni, bí ọ̀fun àti ẹnu wa ṣe ń tún ohùn tiwa ṣe.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Gbogbo ìgbà tí epo àti afẹ́fẹ́ bá gbiná nínú sílíńdà, ìyẹn ihò inú ẹ́ńjìnnì tí epo ti ń jó, tí fáàfù tó ń tú èéfín jáde sì ṣí, ńṣe ni gáàsì gbígbóná tó há mọ́bẹ̀ máa tú jáde lójijì, gbàà, bí ìgbà tí ìbọn yìn. Àwọn gbàà yẹn tó ń tẹ̀ lé ara wọn, àwọn là ń pè ní ohùn mọ́tò. Nínú ẹ́ńjìnnì tó wọ́pọ̀, kíráńkì, ìyẹn irin gbọọrọ tí agbára àwọn sílíńdà ń yí, gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kí sílíńdà kọ̀ọ̀kan tó yìn lẹ́ẹ̀kan, torí náà tí kíráńkì bá ń yí nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, oní-sílíńdà 4 máa yìn nígbà 100 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, oní-6 máa yìn nígbà 150, oní-8 máa yìn nígbà 200, oní-12 máa yìn nígbà 300. Etí ò lè ka iye yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó máa pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ di ohùn kan ṣoṣo, bí iye náà bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn ń lọ sókè sí i. Ìdí nìyẹn tí V12 Ferrari àtijọ́, ìyẹn oní-sílíńdà 12 tí wọ́n tò bíi lẹ́tà V, fi máa ń han gooro bí ẹni ń kọrin lókè, nígbà tí oní-sílíńdà 4 tí kíráńkì ẹ̀ ń yí bákan náà kàn ń kùn.

Àmọ́ iye nìkan kọ́ o. Bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ibẹ̀ ni adùn ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì ká jọ ṣe é. Ẹ́ńjìnnì V8 kékeré tí Chevrolet gbé jáde lọ́dún 1955, sílíńdà 4 wà lápá òsì, 4 wà lápá ọ̀tún, apá kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí èéfín tiẹ̀ ń gbà jáde. Bí wọ́n ṣe ń yìn tẹ̀ lé ara wọn rèé: 1, 8, 4, 3, 6, 5, 7, 2. Nọ́ńbà 1, 3, 5, 7 ló wà lósì, 2, 4, 6, 8 wà lọ́tùn-ún. Ẹ wá fọwọ́ lu tábìlì báyìí, ẹ má kánjú, ẹ jẹ́ kí àlàfo àárín wọn dọ́gba: òsì, ọ̀tún, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, òsì, ọ̀tún. Ẹ máa lù ú lọ láìdúró. Ó yá, ẹ tẹ́tí sí ọwọ́ òsì nìkan: ó lù, ó dákẹ́ pẹ́, ó lù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá lu méjì léra wọn. Ìlù tí ò dọ́gba yẹn, bí ìgbà tí bàtá ń sọ̀rọ̀, òun gan-an ni gbọlọ-gbọlọ tí gbogbo ayé fi mọ V8 Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe rọ kíráńkì ẹ̀ ló fà á. Cadillac ti ń lo irú kíráńkì yẹn nínú mọ́tò ọdún 1924, kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì lè dín kù ni wọ́n ṣe ṣe é, ohùn yẹn kàn bá a wá ni.

Ferrari 308 náà V8 ni, ṣùgbọ́n wọ́n rọ kíráńkì tiẹ̀ lọ́nà míì, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún ni wọ́n ń yìn títí lọ, láìsí méjì tó léra wọn, ìyẹn ni kò ṣe ní gbọlọ-gbọlọ kankan, igbe ló ń ké. Sílíńdà 8 síbí, 8 sọ́hùn-ún, ohùn wọn ò jọra rárá! Torí náà ẹni tó ní kí n jẹ́ kí mọ́tò sílíńdà 4 òun máa dún bíi V8, òótọ́ ni mo máa sọ fún un, pé kò sí sàlẹ́ńsà tó lè fi ìlù tí ẹ́ńjìnnì ò lù sínú ẹ̀.

Tèmi, tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, Jaguar onísílíńdà 6 tó jáde lọ́dún 1948 ni, èyí tí wọ́n tò sórí ìlà kan. Mẹ́ta iwájú ń gba ibì kan jáde, mẹ́ta ẹ̀yìn ń gba ibòmíì, mẹ́ta kọ̀ọ̀kan sì ń yìn ní àlàfo tó dọ́gba, torí ẹ̀ ni ohùn ẹ̀ ṣe máa ń jọ̀lọ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè.

Ká wá sórí Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, torí kò sẹ́ni tí ò dá ohùn ẹ̀ mọ̀ kódà tó bá dijú. Sílíńdà 4 tó dùbúlẹ̀ ni, méjì kọjú sọ́tùn-ún, méjì kọjú sósì. Kò sí omi nínú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, bẹ́ẹ̀ omi tó máa ń yí sílíńdà ká nínú mọ́tò míì máa ń pa díẹ̀ lára ariwo, nínú Ìjàpá ariwo irin ń jáde bó ṣe wà, fáànù ńlá yẹn náà tún ń fẹ́ lórí ẹ̀. Ní ti èéfín, sílíńdà méjì tó wà lẹ́yìn wọnú sàlẹ́ńsà tààrà, àwọn méjì iwájú sì gba pááìpù tó gùn kí wọ́n tó débẹ̀, nítorí náà wọn ò jọ dé, ìyẹn ló ń fún un ní pọtọ-pọtọ yẹn. Àwọn pááìpù tín-ín-rín méjì tó yọ lẹ́yìn ló wá ń fi fífé díẹ̀ sí i.

Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé Ìjàpá wá tó ní ohùn ẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n ti yọ sàlẹ́ńsà ẹ̀ níbì kan, wọ́n ki pááìpù fẹ̀ǹfẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ariwo ṣáá ló kù. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló mẹ́nu bà á pé tí òun bá wà á nínú òtútù, orí máa ń fọ́ òun. Mo fi iṣẹ́ ohùn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ooru tó ń wọnú Ìjàpá, ara pááìpù èéfín ni afẹ́fẹ́ náà ti ń gbóná kó tó wọlé, tí pááìpù yẹn bá ti dípẹtà lu, kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́sáìdì máa bá ooru wọlé, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pààyàn. Mo fi ìka kan irin náà báyìí, ìka mi wọnú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ohùn mọ́tò ẹ̀ bá ṣàdédé yí padà, kó kọ́kọ́ wá ibi tó ń jò ná.

Sàlẹ́ńsà fúnra ẹ̀, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ní yàrá nínú, ohùn á máa gbára lu ògiri, á máa pa ara ẹ̀. Ìkejì jẹ́ pááìpù oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi òwú onígíláàsì wé, òwú yẹn ló ń mu ohùn, ṣùgbọ́n ó máa ń jóná díẹ̀díẹ̀ tí ohùn á fi di líle láìjẹ́ pé ẹni tó ń wà á fura. Irin náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀, mánífóòlù, ìyẹn ibi tí èéfín àwọn sílíńdà ti ń pàdé lára ẹ́ńjìnnì, tó bá jẹ́ onírin dídà tó nípọn, máa ń gbé ohùn mì, pááìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń dún gbinrin.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí àwọn tuntun ò dún bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti mọ́tò ọdún 1975 ni èyí tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ti ní ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín, ihò inú ẹ̀ kéékèèké, ohùn á fọ́ sínú ẹ̀. Tọ́bò, ìyẹn fáànù tí èéfín ń yí kó lè ti afẹ́fẹ́ sí i sínú ẹ́ńjìnnì, náà ń gba agbára lára gbàà kọ̀ọ̀kan kó tó dé ìta.

Tí ẹ bá wá fẹ́ yẹ tiyín wò, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ gbé e síta, kì í ṣe inú gáréèjì. Ẹ ṣíná ẹ̀, kí ẹnì kan fi àkísà nínípọn dí ẹnu pááìpù fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́ o, kẹ́ ẹ wá tẹ́tí sí abẹ́ mọ́tò. Níbi tó bá ti ń ṣe ṣìì tàbí tẹ́-tẹ́-tẹ́, ibẹ̀ ló ń jò. Tẹ́-tẹ́ tó bá dákẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòlù, ìyẹn ohun tí wọ́n fi dí ojú ibi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ló sábà máa ń jẹ́, irin ti wú ló ṣe dí. Tó bá sì ń ta pá-pá-pá gan-an nígbà tẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ wo ojú ìsopọ̀ pááìpù ná, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé láti ibẹ̀ ló ń bá epo tí ò tíì jó pàdé. Ẹ dí i, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kábúrétọ̀.